Coupe de l'Outre-Mer: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ìdíje Bọ́ọ̀lù Àwọn Erékùṣù Abẹ́ Faransé

Ìdíje tí kò pẹ́ láyé ni Coupe de l'Outre-Mer. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló wáyé, ọ̀pọ̀ nínú wa ò sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, tó sì fẹ́ mọ irú ilé tí Lilian Thuram, Christian Karembeu àti Dimitri Payet ti jáde wá, ó yẹ kó mọ ìtàn rẹ̀. Mo kó àwọn ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń bi mí jọ síbí. Níbi tó bá jẹ́ èrò ọkàn mi ni mò ń sọ, mo máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.

Irú ìdíje wo ni?

Ìdíje bọ́ọ̀lù tí FFF, ìyẹn àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù nílẹ̀ Faransé, dá sílẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Faransé lókè òkun. Ó wáyé ní 2008, ní 2010 àti ní 2012. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní Faransé ni wọ́n máa ń gbá a, ní àwọn pápá kéékèèké tó wà láwọn ìlú àyíká Paris. Lẹ́yìn ti 2012, kò tún wáyé mọ́.

Kì í ṣe ìdíje àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò. Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló máa ń ṣa àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù lọ, tí wọ́n á wọ aṣọ ilẹ̀ wọn, bí Super Eagles ṣe ń wọ aṣọ Nàìjíríà.

Àwọn ilẹ̀ wo ló kópa?

Láti òkun Kàríbíánì, Guadeloupe àti Martinique. Láti òkun Íńdíà, Réunion àti Mayotte. Láti òkun Pàsífíìkì, Tahiti àti New Caledonia. Saint-Pierre-et-Miquelon náà wá gbá a. Àwọn erékùṣù tó kéré gan-an ni wọ́n, wọ́n wà ní etí Canada, èèyàn ibẹ̀ ò ju nǹkan bí 6,000 lọ. Ẹ fojú inú wò ó: ìlú tí kò pọ̀ tó èrò ọjà kan lọ́jọ́ ọjà, tó wá kó ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù jọ, tó ní òun máa bá Martinique wọ̀yá ìjà.

Guyane nìkan ni kì í ṣe erékùṣù nínú wọn. Orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù ló wà, ẹ̀gbẹ́ Brazil. Àmọ́ òun náà wà lábẹ́ Faransé, nítorí náà wọ́n kà á mọ́ wọn.

Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìnagijẹ tirẹ̀. Club R ni wọ́n ń pe ti Réunion, Gwada Boys ni ti Guadeloupe, Matinino ni ti Martinique, Yana Dòkòs ni ti Guyane, Toa Aito ni ti Tahiti. Àwọn New Caledonia fi orúkọ ẹyẹ ilẹ̀ wọn, cagou, pe ara wọn. Ẹyẹ náà ò lè fò, kò sì sí níbòmíràn láyé àfi lọ́dọ̀ wọn.

Ta ló gba ife náà?

Réunion gbà á ní 2008, Martinique gbà á ní 2010, Réunion sì tún gbà á ní 2012. Ikọ̀ méjèèjì yìí kan náà ló ń pàdé ní àṣekágbá ní gbogbo ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò yà mí lẹ́nu. Líìgì ilẹ̀ wọn múná ju ti àwọn yòókù lọ, ìdíje sì máa ń ká wọn lára gan-an.

Báwo ni ètò ìdíje náà ṣe rí?

Wọ́n á pín àwọn ikọ̀ sí ọ̀wọ́ méjì. Ikọ̀ tó bá ṣe ipò kìíní nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ló máa lọ sí àṣekágbá tààrà, kò sí ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ mìíràn láàárín. Ìdí ni pé ọjọ́ tó wà nílẹ̀ ò pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù ló níṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nílé, ìsinmi ni wọ́n gbà kí wọ́n tó wá. Ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ ti há sọ́wọ́ nìyẹn.

Ṣé orílẹ̀-èdè ni àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí?

Rárá. Ọmọ ilẹ̀ Faransé ni àwọn èèyàn ibẹ̀. Ìwé ìrìnnà Faransé ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ń dìbò yan ààrẹ Faransé. Láti 1946 ni Guadeloupe, Martinique, Guyane àti Réunion ti di ẹ̀ka ìjọba Faransé gan-an, bí ìpínlẹ̀ ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Mayotte dara pọ̀ mọ́ irú ipò yẹn ní 2011. Ti Tahiti àti New Caledonia yàtọ̀ díẹ̀, torí wọ́n ní ìjọba abẹ́lé tó lágbára ju tàwọn yòókù lọ.

Àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ikọ̀ tara wọn ni wọ́n ń ké pè. Ọmọ Martinique lè máa ké fún Faransé nínú ìdíje àgbáyé, kó sì máa ké fún Martinique lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kò rí ìjà nínú rẹ̀ rárá.

Ṣé FIFA mọ̀ wọ́n?

Méjì péré ni FIFA gbà wọlé: Tahiti ní 1990, New Caledonia ní 2004. Àwọn yòókù ò sí níbẹ̀. Guadeloupe, Martinique àti Guyane wà nínú CONCACAF, àjọ bọ́ọ̀lù àríwá Amẹ́ríkà àti Kàríbíánì, ó sì sọ wọ́n di ọmọ ẹgbẹ́ kíkún ní 2013. Wọ́n lè gbá Gold Cup, ìyẹn ife CONCACAF, ṣùgbọ́n wọn ò lè gbá ìdíje tí wọ́n fi ń wọ Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Réunion so mọ́ CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Adúláwọ̀, àmọ́ kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kíkún. Òun náà ò lè tọrọ Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé.

Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ló dé tí FIFA fi gba Aruba, Anguilla, Montserrat àti erékùṣù Faroe, nígbà tí àwọn náà ò dá dúró. Ìbéèrè gidi ni. Òfin FIFA gbà pé ilẹ̀ tí kò tíì gba òmìnira lè wọlé bí àjọ bọ́ọ̀lù ìlú tó ń ṣàkóso rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni òfin ọ̀hún le sí i, tó fi jẹ́ pé ilé ẹjọ́ ni Gibraltar gbà kó tó wọlé ní 2016. Ẹni tó tètè dé ló rí àyè jókòó. Lójú tèmi, kò tọ́ kí Montserrat tí èèyàn ibẹ̀ ò tó 6,000 lè gbá bọ́ọ̀lù láti dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, kí Réunion tí èèyàn ibẹ̀ lé ní 800,000 má lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí Coupe de l'Outre-Mer ṣe pàtàkì nìyẹn. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bi ẹnikẹ́ni bóyá FIFA mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ní ìwé FIFA àti ẹni tí kò ní, orí pápá kan náà ni wọ́n jọ wà. Ife náà ò sì bọ́ sọ́wọ́ Tahiti tàbí New Caledonia rí. Àwọn tí FIFA ò kà sí ló gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kí ló dé tó jẹ́ àyíká Paris ni wọ́n ń gbá a, tí kì í ṣe lórí erékùṣù kankan?

Àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni FFF wà. Èkejì, ọkọ̀ òfuurufú. Láti Martinique, ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Tahiti tàbí sí Réunion, Paris ló máa gbà lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀nà ti pàdé.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn jù láti máa ṣàlàyé. Àwọn ọmọ erékùṣù pọ̀ ní Paris bí omi. Láti 1963 títí di 1981, ìjọba Faransé ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní BUMIDOM, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó àwọn ọ̀dọ́ láti Guadeloupe, Martinique, Guyane àti Réunion wá sí Faransé láti wá ṣiṣẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló wá. Wọ́n ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, ní ilé ìfìwéránṣẹ́, nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ní ilé iṣẹ́ mọ́tò. Wọ́n kọ́lé sí ẹ̀yìn ìlú, wọ́n bímọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ náà gbọ́ Créole, èdè erékùṣù wọn, nílé, wọ́n jẹ oúnjẹ ilé, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ erékùṣù náà ju ìgbà ìsinmi lọ. Nígbà tí ikọ̀ Guadeloupe tàbí Martinique bá wá gbá bọ́ọ̀lù ní pápá tó wà nítòsí ilé wọn, tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n á fi jáde. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham tàbí ní Houston á mọ irú ayọ̀ yẹn dáadáa.

Ṣé àwọn gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù ti jáde láti àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí?

Wọ́n pọ̀. Marius Trésor tó jẹ́ balógun ikọ̀ Faransé nígbà kan, ọmọ Guadeloupe ni. Gérard Janvion, ọmọ Martinique. Pointe-à-Pitre ní Guadeloupe ni wọ́n bí Thuram sí. Òun ló gbá góòlù méjèèjì tí Faransé fi borí Croatia nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1998 nígbà tó ku ìpele kan kí wọ́n dé àṣekágbá. Karembeu tó wà nínú ikọ̀ kan náà, erékùṣù Lifou ní New Caledonia ni wọ́n ti bí i. Thierry Henry kò dàgbà síbẹ̀, àmọ́ bàbá rẹ̀ wá láti Guadeloupe, ìyá rẹ̀ sì wá láti Martinique.

Ìtàn Payet ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí jù lọ. Saint-Pierre ní Réunion ni wọ́n bí i sí. Ọmọ kékeré ni nígbà tí wọ́n mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù Le Havre ní Faransé. Ó lo ọdún mélòó kan níbẹ̀, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ẹ mọ́, ló bá padà sílé. Ó lọ ń gbá bọ́ọ̀lù fún Excelsior ní Saint-Joseph, nínú líìgì Réunion. Ibẹ̀ ni Nantes ti wá mú un ní 2005. Bí kì í bá ṣe pé líìgì gidi kan wà nílé tó padà sí ni, ìtàn rẹ̀ ì bá ti parí síbẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà 2016, ọjọ́ tí ìdíje Euro bẹ̀rẹ̀ ní Stade de France, Faransé àti Romania ń gbá ọ̀mì, 1 sí 1. Ní ìṣẹ́jú 89, Payet fi ẹsẹ̀ òsì fa bọ́ọ̀lù náà láti ìta àpótí, ó wọ igun òkè. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà, omijé ló fi jáde kúrò lórí pápá.

Ohun tí Coupe de l'Outre-Mer wà fún gan-an nìyẹn: kí ojú àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù lè ká irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kó tó pẹ́ jù.

Ṣé ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Faransé lè tún gbá fún erékùṣù rẹ̀?

Nínú ìdíje tí FIFA ò bá sí, ó lè ṣeé ṣe. Òfin tí wọ́n ń lò ni pé bí ọdún márùn-ún bá ti kọjá tí ẹni náà ti gbá fún Faransé gbẹ̀yìn, ó lè padà sílé.

Jocelyn Angloma ló jàǹfààní òfin yìí jù. Ó wà nínú ikọ̀ Marseille tó gba ife àwọn aṣíwájú ilẹ̀ Yúróòpù ní 1993, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún Faransé. Nígbà tó di 2007, ó ti lé ní ẹni 40 ọdún, ló bá wọ aṣọ Guadeloupe lọ sí Gold Cup. Wọ́n na Canada, wọ́n na Honduras, ó di ìpele tó kángun sí àṣekágbá kí Mexico tó fi góòlù kan ṣoṣo lé wọn sílé. Guadeloupe, tí FIFA ò mọ̀!

Florent Malouda ò rí irú oríire bẹ́ẹ̀. Guyane mú un lọ sí Gold Cup 2017. Ó ti lé ní ọdún márùn-ún tó ti gbá fún Faransé gbẹ̀yìn, àmọ́ CONCACAF ti kìlọ̀ pé òfin FIFA ni àwọn ń lò nínú Gold Cup. Guyane fi í sí pápá bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n pàdé Honduras ní Houston. Ọ̀mì ni wọ́n gbá, 0 sí 0. Lẹ́yìn náà ni CONCACAF gba àmì náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé Honduras borí pẹ̀lú 3 sí 0, wọ́n sì dá Malouda dúró fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì. Mo lóye ohun tó mú kí Guyane ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ bíi Malouda nílé, ó ṣòro kó fi í jókòó.

Ṣé Nàìjíríà ti bá èyíkéyìí nínú wọn gbá bọ́ọ̀lù?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó bá Tahiti gbá. Ọjọ́ 17 oṣù kẹfà 2013 ni, ní pápá Mineirão ní Belo Horizonte, Brazil, nínú ìdíje Confederations Cup. Nàìjíríà débẹ̀ torí pé ikọ̀ Stephen Keshi ló gba ife Adúláwọ̀ ní South Africa ní oṣù kejì ọdún yẹn. Tahiti débẹ̀ torí pé òun ló gba ife Oceania ní 2012.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí Tahiti ṣe gba ife yẹn. Honiara ní Solomon Islands ni wọ́n ti gbá a. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ wọn, wọ́n na Samoa ní 10 sí 1, ìdílé kan ṣoṣo ló sì gbá 9 nínú 10 náà: Lorenzo, Alvin àti Jonathan Tehau, pẹ̀lú Teaonui Tehau tó jẹ́ ìbátan wọn. Ní àṣekágbá, Steevy Chong Hue gbá góòlù kan tí wọ́n fi borí New Caledonia. Ẹ kíyè sí i pé àwọn méjèèjì tó pàdé ní àṣekágbá Oceania yìí, ọmọ Coupe de l'Outre-Mer ni wọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ife náà máa bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe Australia tàbí New Zealand.

Nígbà tí wọ́n fi máa dé Brazil, agbábọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni bọ́ọ̀lù jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ nínú wọn, Marama Vahirua, tó ti gbá fún Nantes, Nice àti Lorient. Àwọn yòókù, olùkọ́ wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ oníṣirò owó wà níbẹ̀, ẹni tó ń fi mọ́tò kó ẹrù wà níbẹ̀, àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ náà sì wà níbẹ̀. Eddy Etaeta ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn.

Ikọ̀ tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ má débẹ̀ lásìkò. Àwọn agbábọ́ọ̀lù yarí ní Windhoek ní Namibia lórí owó àjẹmọ́nú, ó ku ọ̀la kí wọ́n bá Tahiti gbá kí wọ́n tó balẹ̀ sí Brazil. Kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ Tahiti fi ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi ìkarawun inú òkun sín bọ àwọn Super Eagles lọ́rùn. Ìṣẹ́jú 5 ò tíì kọjá dáadáa tí Elderson Echiejile ti gbá àkọ́kọ́ wọlé. Nnamdi Oduamadi fi méjì lé e kí wọ́n tó lọ sinmi.

Nígbà tó di ìṣẹ́jú 54, Tahiti rí kọ́nà gbá. Jonathan Tehau fò sókè láàárín àwọn tiwa, ó fi orí kan bọ́ọ̀lù, ó wọ àwọ̀n. Gbogbo pápá hó gèè. Àwọn ará Brazil tó wá wòran ti ń ké fún Tahiti láti ìbẹ̀rẹ̀, àfi bí ẹni pé ìlú wọn ló gbá a wọlé. Àwọn agbábọ́ọ̀lù Tahiti tò sẹ́yìn ara wọn, wọ́n ń ṣe bí ẹni fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ ojú omi, bí Vahirua ti máa ń ṣe ní Faransé tó bá gbá góòlù. Ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn náà, Tehau kan náà ló ṣèèṣì gbá bọ́ọ̀lù wọ ilé ara wọn. Oduamadi àti Echiejile tún fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kún un, ó parí sí 6 sí 1.

Spain nà wọ́n ní 10 sí 0, Uruguay nà wọ́n ní 8 sí 0. Góòlù kan ṣoṣo tí wọ́n gbá nínú gbogbo ìdíje náà, Nàìjíríà ni wọ́n gbá a wọlé sí. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ka ìyẹn sí ìtìjú fún aṣọ́lé wa. Èmi ò kà á sí bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn pé àwa ni wọ́n gbá a wọlé sí.

Mo gbọ́ pé Roger Milla gbá bọ́ọ̀lù ní Réunion. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. JS Saint-Pierroise ní Réunion ni Milla wà kó tó lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1990 ní Ítálì. Ó ti pé ẹni ọdún 38, ọ̀pọ̀ ti rò pé ó ti fẹ̀yìn tì. Ó gbá góòlù mẹ́rin, ó ń jó níbi àsíá igun pápá, Cameroon sì di ikọ̀ Adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó wà lára mẹ́jọ tó gbẹ̀yìn.

Ẹgbẹ́ JS Saint-Pierroise kan náà ló na Niort ní oṣù kìíní 2020 nínú ife ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n fi wọ ìpele àwọn 32 tó gbẹ̀yìn. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo láti òkè òkun ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú wọn, ìyẹn Geldar láti Kourou ní Guyane ní 1989.

Ṣé ìdíje yìí kan náà ni Island Games?

Rárá o. Island Games jẹ́ eré ìdárayá oríṣiríṣi, bọ́ọ̀lù kàn wà lára rẹ̀ ni, àwọn bíi Jersey, Guernsey àti Isle of Man ló máa ń lọ síbẹ̀. Ó ṣì wà títí di òní.

Kí ló wá pa Coupe de l'Outre-Mer?

Èrò mi ni mo fẹ́ sọ níbí. Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀nà tó jìn. Láti Nouméà ní New Caledonia dé Paris lé ní kìlómítà 16,000. Láti Tahiti, ó lé ní 15,000. Láti Réunion, ó lé ní 9,000. Láti Martinique àti Guadeloupe, ó sún mọ́ 7,000. Ẹ ṣírò owó ọkọ̀ òfuurufú ogún agbábọ́ọ̀lù àti àwọn olórí wọn, fún ikọ̀ mẹ́jọ. Ẹ fi owó ilé ìtura àti oúnjẹ kún un. Pápá kékeré tí wọ́n ń lò ò lè pa owó tó máa dí ihò yẹn.

Èkejì, àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Yúróòpù ò ní ìdí tí wọ́n á fi yọ̀ǹda àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn. Nínú ìdíje FIFA, dandan ni. Nínú èyí, bó bá wù wọ́n ni. Nítorí náà, àwọn tí orúkọ wọn lè fa èrò àti tẹlifíṣọ̀n wá kì í sí níbẹ̀.

Àmọ́ ohun tó dùn mí jù ni pé wọn ò gbé ìdíje náà dé orí erékùṣù kankan rí. Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀yìn Paris ni. Ọmọdé tó wà ní Saint-Denis ti Réunion kò fojú ara rẹ̀ rí ikọ̀ rẹ̀ tó ń gba ife náà, bẹ́ẹ̀ ló rí fún ọmọ Fort-de-France ní 2010. Ìdíje tí àwọn onílé ò bá rí pẹ̀lú ojú wọn, ta ló máa pariwo nígbà tí wọ́n bá dá a dúró? Ká ní wọ́n ti gbé e lọ sí Martinique lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n rí bí pápá ṣe máa kún àkúnwọ́sílẹ̀, mo gbà pé àwọn olóṣèlú ibẹ̀ gan-an ò ní jẹ́ kó kú.

Níbo ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù báyìí?

Kálukú ti padà sí òkun tirẹ̀. Martinique àti Guadeloupe ń lọ sí Gold Cup déédéé. Réunion àti Mayotte ń pàdé Mauritius, Madagascar, Seychelles àti Comoros nínú ìdíje àwọn erékùṣù òkun Íńdíà, tí Réunion kọ́kọ́ gbàlejò rẹ̀ ní 1979. Comoros yẹn kan náà ló na Ghana ní 3 sí 2 nínú ife Adúláwọ̀ ní Cameroon ní 2022, Madagascar sì na àwa náà ní 2 sí 0 ní Alexandria ní 2019. Irú àwọn tí Réunion ń bá wọ̀yá ìjà nìyẹn. Ẹni tó bá rò pé ọmọdé ń ṣeré ni, kó bi Super Eagles léèrè.

Tahiti àti New Caledonia wà ní Oceania. Saint-Pierre-et-Miquelon ló pàdánù jù, torí kò sí àjọ ńlá kankan tó gbà á mọ́ra.

Ṣé ọ̀kan nínú wọn lè dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé?

Nínú àwọn tó gbá Coupe de l'Outre-Mer, Tahiti àti New Caledonia nìkan ni ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún. New Caledonia dé àṣekágbá ìdíje yíyan Oceania ní oṣù kẹta 2025. New Zealand nà wọ́n ní 3 sí 0, àmọ́ ipò kejì yẹn fún wọn láyè nínú ìdíje àṣekù tó so gbogbo àgbáyé pọ̀.

Ní ti erékùṣù kékeré lápapọ̀, ayé ti yí. Cape Verde wọ Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2026. Curaçao náà wọ̀ ọ́ lẹ́yìn tó gbá ọ̀mì ní Jamaica. Kò sí ilẹ̀ tí èèyàn rẹ̀ kéré tó ti Curaçao tó dé ìdíje náà rí, nǹkan bí 150,000 èèyàn. Nàìjíríà tí èèyàn rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 200 kò sí níbẹ̀, torí DR Congo fi pẹnáritì lé wa sílé ní Rabat. Curaçao ní ìjókòó ní FIFA ló ṣe rí àyè gbìyànjú. Martinique ń bá a pàdé ní Kàríbíánì lóòrèkóòrè, àmọ́ kò lè tọ ọ̀nà tó tọ̀.

Ṣé Coupe de l'Outre-Mer lè padà wáyé?

Ó lè ṣeé ṣe, bí wọ́n bá ṣe é lọ́nà tó yàtọ̀. Àbá tèmi rèé. Kí wọ́n jẹ́ kí àwọn tó wà ní òkun kan náà kọ́kọ́ pàdé nílé ara wọn: Guadeloupe, Martinique, Guyane àti Saint-Pierre-et-Miquelon lápá kan, Réunion àti Mayotte lápá kan, Tahiti àti New Caledonia lápá kan. Ẹni tó bá borí lápá kọ̀ọ̀kan nìkan ni kó wọkọ̀ òfuurufú lọ jìnnà. Ikọ̀ mẹ́ta ni wọ́n á máa kó dípò mẹ́jọ, owó á sì dín kù gidi. Kí erékùṣù sì máa gbàlejò àṣekágbá ní títẹ̀lé-ara-wọn. Réunion ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, torí ọwọ́ wọn ni ife náà ṣì wà láti 2012.